Ọdẹ Tí Ó Mú Ọmọ Onílé Lólè

  Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe lórí owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe lórí iye tí àpò gààrí dé. Lórí kọ̀ǹpútà ni, àti fóònù tí ó wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá pé ti àwọn ọmọdé nìyẹn. Ìwé àjọ ti wà nínú kọ̀ǹpútà báyìí, orúkọ oníbàárà àti gbèsè tí wọ́n jẹ wá wà nínú fóònù, owó báńkì ń gba inú fóònù kan náà wọlé, ibẹ̀ náà ló sì ń gbà jáde. Ohun tó bá ti kan owó wa, ó ti kàn wá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún rèé. Ẹ tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, tàbí ẹ gbé fóònù, ẹ sì rí àkọlé pupa kan tó ń pariwo pé amí wà nínú ẹ̀rọ yín, pé ètò kan báyìí ń jí ọ̀rọ̀ yín gbé lọ fún ẹlòmíràn. Ẹ wo orúkọ ètò tí ó dá, àfi bí ẹni rí idán: ètò tí ẹ fi ń kọ owó láti ọdún mẹ́ta ni! Àyà á já. Ọ̀pọ̀ nínú wa á sáré tẹ ibi tí wọ́n kọ "Delete" sí, kí ibi má baà wọlé. Àwọn mìíràn á ní irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa, wọn á wá pa ohun tó ń kìlọ̀ náà lẹ́nu mọ́ pátápátá. Ìkánjú ló ṣe àwọn méjèèjì. A fẹ́ ṣàlàyé bí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń wáyé, ìdí tí ó fi lè jẹ́ àṣìmú, àti ohun tí ó yẹ kí á ṣe kí á tó tẹ ohunkóhun.

AMÍ ÀTI ỌDẸ

Ètò ni a ó máa pe gbogbo ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù: èyí tí a fi ń ṣírò owó, èyí tí a fi ń wo báńkì, WhatsApp, gbogbo wọn. Amí ni ètò tí ó fi ara pamọ́ sínú ẹ̀rọ ẹni, tí ó ń wo ohun tí à ń tẹ̀, tí ó ń ka orúkọ àwọn tí a mọ̀, tí ó ń jí páṣíwọ́ọ̀dù báńkì wò, tí ó sì ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ níta. Spyware ni Òyìnbó ń pè é. Ó wà lóòótọ́, ó sì burú, kì í ṣe ìtàn àlọ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ètò mìíràn tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kí ó máa ṣọ́ ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní antivirus. Àwa ó máa pe ìyẹn ní ọdẹ, bí ọdẹ tí à ń dá owó fún lóṣooṣù kí ó máa ṣọ́ ìsọ̀ wa lóru.

Báwo ni ọdẹ inú kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ olè? Ọ̀nà tí ó ti pẹ́ jù ni ti àpèjúwe. Ilé iṣẹ́ tí ó ni ọdẹ náà máa ń kó àwọn amí tí ọwọ́ ti bà jọ, wọ́n á wo àmì tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí gbogbo ọdẹ wọn káàkiri ayé gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojoojúmọ́ ni ìwé tuntun ń wọlé, ìgbà mìíràn á tó ẹ̀ẹ̀mélòó kan lóòjọ́. Ọdẹ á máa fi ìwé náà wo ojú gbogbo fáìlì tó bá pàdé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó kọ àpèjúwe náà kò bá fara balẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá sọ fún ọdẹ ọjà pé kí ó mú obìnrin pupa, tó ró ìró àǹkárá, tó gbé igbá lórí, ẹ sọ fún wa, mélòó ni yóò ṣẹ́ kù lọ́jà?

Ọ̀nà kejì ni kí ọdẹ máa wo ìwà. Kò mọ onítọ̀hún lójú, ṣùgbọ́n ó rí i tí ó ń fo ọgbà láàjìn. Ọ̀nà yìí dára, nítorí pé amí tuntun ń jáde lójoojúmọ́ tí kò tíì sí nínú ìwé kankan. Àbùkù rẹ̀ ni pé àwọn ètò kan wà tí iṣẹ́ wọn gan-an jọ iṣẹ́ olè. Ètò tí ọmọ yín tó wà ní Ìbàdàn ń lò láti wọ inú kọ̀ǹpútà yín ní Ẹ̀pẹ́ kí ó lè bá yín tún un ṣe, ṣé kì í ṣe ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé ni? Èyí tí ń bá ènìyàn tọ́jú páṣíwọ́ọ̀dù ńkọ́, àti èyí tí òbí fi ń ṣọ́ ohun tí ọmọ ń wò lórí fóònù? Ẹ mọ̀ ohun tí àwọn àgbà wí nípa ẹni tí wọ́n pè lólè tó tún wá ń gbé ọmọ ẹran jó. Àwọn ètò wọ̀nyí ò jalè o, àmọ́ ọmọ ẹran wà lọ́wọ́ wọn, torí pé ẹran ni iṣẹ́ wọn.

Ọ̀nà kẹta ni ti àjèjì. Ọdẹ á béèrè pé, ta ló mọ̀ ọ́? Ètò tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń lò, tí ilé iṣẹ́ ńlá fọwọ́ sí, á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò kan jókòó kọ fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n lè fi máa kọ owó àjọ ogójì ènìyàn, kò sí ọdẹ kankan ní Amẹ́ríkà tàbí Rọ́ṣíà tó rí i rí. Kò ní ìwé ẹ̀rí, kò ní onígbọ̀wọ́. Òun ni wọ́n á kọ́kọ́ dá dúró lẹ́nu géètì. (Ìwé ẹ̀rí tí à ń wí yìí, owó ni wọ́n fi ń gbà á, àwọn ọmọ tó ń bá ẹgbẹ́ kọ ètò kì í sì í sábà ní irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.) Ibí yìí gan-an ló ti kàn wá jù, nítorí pé irú ètò kékeré báyìí ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọjà àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, ìṣirò ò kúkú bà wá lẹ́rù. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé fáìlì 200,000 ló wà nínú kọ̀ǹpútà kan. Ká ní ọdẹ rẹ̀ já fáfá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nínú 10,000 tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹyọ kan péré ni yóò ṣì mú. Ìyẹn jẹ́ 20. Ká tún ní amí tòótọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ 2, kí ọdẹ sì mú àwọn méjèèjì. Àwọn 22 ló wà ní àtìmọ́lé báyìí, 20 nínú wọn kò sì jí ohunkóhun. Ọdẹ náà ò sì burú o! Ọmọlúàbí ló pọ̀ ju olè lọ nínú ọjà, bí àṣìmú bá kéré tó wẹ́rẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó pọ̀ ni yóò bọ́ sí. Nítorí náà ni ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń dán ìwé àpèjúwe wọn wò lára àwọn ètò tí wọ́n mọ̀ pé kò lẹ́bi kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ tí wọn ò bá dán an wò dáadáa, ẹ óò rí i.

ÀWỌN TÓ TI ṢẸLẸ̀

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2010, ilé iṣẹ́ McAfee ní Amẹ́ríkà fi ìwé àpèjúwe tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ọdẹ rẹ̀. 5958 ni nọ́ńbà ìwé náà. Wọ́n kọ bí àwọn ọdẹ yóò ṣe dá fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Wecorl mọ̀ sínú rẹ̀. Àṣé àpèjúwe náà tún bá fáìlì kan tó ń jẹ́ svchost.exe mu. Fáìlì yìí kì í ṣe àlejò. Òpó ilé ni nínú Windows XP, Microsoft fúnra rẹ̀ ló rì í mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà ló sì gbára lé e. Ọdẹ dé, ó gbá òpó ilé mú, ó wọ́ ọ jáde. Kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó ń jí, ó tún ń kú, ó tún ń jí. Kò sì lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ ló sún iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe kánjúkánjú síwájú, ẹni tí kò bá sì fara pa gan-an, wọn ò gbà á sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì. Ní Ọsirélíà, àwọn ilé ìtajà ńlá tó ń jẹ́ Coles rí i tí ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kú fin-ín fin-ín, wọ́n sì ti àwọn ṣọ́ọ̀bù kan pa ní ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Ẹ tiẹ̀ rò ó wò. Ọjà wà lórí àtẹ, oníbàárà dúró tòun towó lọ́wọ́, wọn ò lè tà fún un. Olè kankan ò wọlé. Ẹnikẹ́ni ò jí kọ́bọ̀. Ọdẹ ló ti ṣọ́ọ̀bù.

Láàárín wákàtí díẹ̀ ni McAfee ti kó ìwé náà padà, wọ́n sì ti kọ òmíràn. Ṣùgbọ́n báwo ni ìwé àtúnṣe yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gé? Àwọn òṣìṣẹ́ ní láti máa tọ ẹ̀rọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ọwọ́ tún un ṣe. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ẹgbẹ̀rún kan ní ọ́fíìsì, ẹ mọ iṣẹ́ tó bá a. Ilé iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé àyípadà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sí ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò ló jẹ́ kí ìwé burúkú náà yọ́ kọjá.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ní Ṣáínà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, ọdẹ Norton, ti ilé iṣẹ́ Symantec, mú fáìlì méjì tó jẹ́ ti Windows XP tí wọ́n kọ ní èdè Ṣáínà, ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí olè ń gbà wọlé ni wọ́n. Ó kó wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà kò sì lè tàn mọ́. Ẹ kíyè sí i pé ti èdè Ṣáínà nìkan ni. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, kò rí ìyọnu. A ò fẹ́ fi ẹnu ba ẹnikẹ́ni jẹ́, àmọ́ ó jọ pé ẹni tí kò sí lójú ọ̀gá ni àṣìṣe ọ̀gá ń kọ́kọ́ bà. Àwa tó ń lo ètò kékeré ń rí èyí.

Ẹ̀rín wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 2006, ọdẹ tuntun tí Microsoft ń dán wò, tí wọ́n ṣe nítorí amí gan-an, mú ọdẹ Symantec, ó pè é ní Bancos, ìyẹn amí tí ń jí páṣíwọ́ọ̀dù báńkì. Àwọn tó gbà á gbọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé kó pa á rẹ́, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn lé ọdẹ wọn lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ọdẹ Microsoft mìíràn pe Chrome, tí Google fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ní Zbot, tí òun náà jẹ́ olè báńkì. Microsoft ní nǹkan bí 3,000 oníbàárà ló kàn. Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti Sophos, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012. Ọdẹ wọn mú ara rẹ̀! Apá tó fi ń gba ìwé tuntun ló pè lólè, ó tì í mọ́lé, nígbà tí ìwé tí wọ́n fi máa tú u sílẹ̀ dé, kò sí ẹni tí yóò gbà á wọlé.

Bí ẹ bá ń sọ pé ti kọ̀ǹpútà nìyẹn, ti fóònù náà wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn tó ń lo fóònù Huawei àti Honor rí ìkìlọ̀ pé amí ni ètò Google tó wà nínú fóònù wọn, ó ní ó lè máa fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Google ní kì í ṣe ọdẹ tòun ló sọ bẹ́ẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ỌDẸ KÒ ṢÌ MÚ

A ní láti sọ apá kejì, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó tì wá pé a ní kí òun máa fojú di ìkìlọ̀. Ètò kan wà tí ẹni tó ni ín yóò máa búra pé òun kì í ṣe amí, tí yóò ní ẹni tó gbé e sínú fóònù ló fọwọ́ sí i. Ẹ rántí àwọn ayánilówó orí fóònù. Wọ́n á yá ènìyàn ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, wọ́n á sì kó gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá pẹ́, wọ́n á kọ̀wé sí àna rẹ̀, sí pásítọ̀ tàbí àlùfáà rẹ̀, sí oníbàárà rẹ̀, pé gbájú-ẹ̀ ni. Ojú ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tí ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà, pẹ̀lú àwọn àjọ ìjọba mìíràn, wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Èkó. Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Google sì ti ní ètò ayánilówó kankan kò gbọdọ̀ yẹ orúkọ tàbí àwòrán inú fóònù ènìyàn wò mọ́. Bí ọdẹ fóònù yín bá pariwo lé irú ètò bẹ́ẹ̀ lórí, ẹ má wá sọ pé àṣìmú ni.

Àárín méjèèjì ni ibi tó ṣòro. Ilé iṣẹ́ ọdẹ kan lè sọ pé ètò kan kò jalè, àmọ́ òun ò fẹ́ràn ìwà rẹ̀, ó lè jẹ́ ohun tí onílé ò fẹ́. Bí ètò náà bá jẹ́ ti ẹni tí wọ́n jọ ń ta ọjà kan náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Ọdẹ Malwarebytes ń pe àwọn ètò ilé iṣẹ́ Enigma ní ohun tí onílé lè má fẹ́, Enigma sì ní torí pé àwọn jọ ń figa gbága ni. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan níbẹ̀ sọ pé òfin tó ń dáàbò bo ọdẹ kò bo ẹni tó bá dí ètò orogún rẹ̀ lọ́nà nítorí ìdíje. Àwa tí a mọ ohun tí alátẹ lè sọ nípa ata alátẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹjọ́ náà yé wa dáadáa.

Àwọn kan tún wà tí wọn kì í ṣe ọdẹ rárá, aṣọ ọdẹ ni wọ́n wọ̀. Ẹ ń wo nǹkan lórí fóònù, àkọlé kan bẹ́ jáde pé fáírọ́ọ̀sì ti jẹ fóònù yín tán, ẹ yára tẹ ibí, ẹ yára pe nọ́ńbà yìí. Irọ́ ni. Ojú ìwé tí ẹ ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè mọ ohun tó wà nínú fóònù yín. Àwọn ilé ìtajà ńlá pàápàá ti wọ inú irú ẹ̀sùn yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, Office Depot ní Amẹ́ríkà gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là, ilé iṣẹ́ Support.com tó bá wọn pèsè ètò náà sì gbà láti san mílíọ̀nù 10. Àjọ FTC ti ìjọba ibẹ̀ ló fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń fi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tan oníbàárà. Wọ́n á bi oníbàárà ní ìbéèrè mẹ́rin, bí i pé ṣé kọ̀ǹpútà rẹ ń falẹ̀. Bó bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré, àyẹ̀wò á ní òun rí àmì àìsàn, wọ́n á sì ta àtúnṣe olówó ńlá fún un. Ta ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í falẹ̀?

KÍ NI KÍ Á WÁ ṢE?

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lọ́jà mọ ohun tí igbe "olè!" lè dá sílẹ̀. Kí wọ́n tó béèrè orúkọ onítọ̀hún, igi ti dé, òkúta ti ń fò. Ìyálọ́jà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní kí wọ́n mú un wọlé ná, kí wọ́n tì í mọ́ yàrá, kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó yẹ kí á ṣe fún ètò tí ọdẹ bá mú nìyẹn. Ní ojú ẹ̀rọ, ẹ ó sábà rí ọ̀rọ̀ méjì: "Delete" àti "Quarantine". Delete ni pípa rẹ́. Quarantine ni àtìmọ́lé: ètò náà ò ní lè ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò tíì kú, ẹ lè tú u sílẹ̀ bí a bá rí i pé kò lẹ́bi. Quarantine ni kí ẹ tẹ̀.

Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ orúkọ ètò náà sílẹ̀, àti orúkọ tí ọdẹ pè é, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ bí ẹ bá lè yà á. Kí ẹ wá bi ara yín pé, níbo la ti rí ètò yìí? Bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é ni, ẹ pè é. Bó bá jẹ́ ètò báńkì, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín ni kí ẹ pè, tàbí kí ẹ lọ sí báńkì fúnra yín; ẹ má pe nọ́ńbà kankan tí ìkìlọ̀ náà bá kọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, tàbí tí wọ́n bá yín gbé e síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń rà á, ẹ fi í sílẹ̀ ní àtìmọ́lé, ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún un. Ètò tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló máa ń sọ fún ènìyàn pé kó kọ́kọ́ pa ọdẹ kó tó lè wọlé. Àlejò wo ló ń sọ fún onílé pé kó ní kí ọdẹ lọ sùn kí òun tó wọlé?

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà gbọ́ ẹ̀rí ọ̀pọ̀ ọdẹ lẹ́ẹ̀kan náà. VirusTotal ni orúkọ rẹ̀, Sípéènì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2004, Google sì rà á ní 2012. Ọ̀fẹ́ ni. Bí a bá gbé fáìlì kan síbẹ̀, nǹkan bí àádọ́rin ọdẹ láti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò wò ó. Bí ẹyọ kan tàbí méjì bá ní olè ni, tí àwọn yòókù ní àwọn ò rí nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìmú. Bó bá jẹ́ ogójì ló pariwo, ẹ jẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: ètò ni kí ẹ gbé síbẹ̀, ẹ má gbé ìwé owó tàbí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ síbẹ̀ láé, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà lè rí ohun tí a bá gbé síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá yín ṣe é, kí ẹ jókòó tì í.

Bó bá wá hàn pé àṣìmú ni, ẹ jẹ́ kí ọdẹ gba ìwé tuntun kí ẹ tún un wò, torí pé ọ̀pọ̀ irú àṣìṣe yìí ni wọ́n máa ń tún ṣe láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan. Bó bá ṣì ń pariwo, kí ẹni tó kọ ètò náà fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ni ọdẹ, kó ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní àyè fún èyí, wọn kì í sì í gba owó. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọdẹ fojú fo ètò kan, ètò yẹn nìkan ni kí ẹ dárúkọ fún un. Ẹ má pa ọdẹ. Lórí fóònù Android, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè lápá ọ̀tún, ẹ ó rí Play Protect. Láti 2017 ni wọ́n ti ń pe ọdẹ tó wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn.

Kí àwọn akọ̀wé àti akápò wa jọ̀wọ́ má fi ìwé owó sí ojú kan ṣoṣo. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fláàṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ yọ fláàṣì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe tán, kí ẹ sì tẹ owó oṣù kọ̀ọ̀kan jáde sórí bébà. Bí ọdẹ bá mú ètò ìwé owó ní ọjọ́ tí a fẹ́ pín àjọ, a ó ṣí bébà, a ó sì pín in.

Ẹni tí irú ìkìlọ̀ báyìí bá ti yọ sí lójú fóònù rẹ̀, kó ya àwòrán rẹ̀, kó mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, a ó jọ wò ó kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ohunkóhun.